Kókó Ọrùn Tí Kì Í Dunni

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin gbogbo ní Ìbàràpá, láti Igbó-Òrà dé Èrúwà, Lànlátẹ̀, Àyétẹ̀, Tápà, Ìdèrè àti Ìgàngán. Nọ́ọ̀sì yín ni. Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kà á tán nísinsìnyí, kó fi í sílẹ̀ di alẹ́ nígbà tó bá ti ọjà dé. Ẹ̀yin àgbà tí ojú kò fẹ́ ríran mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kà á sí yín létí.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa kókó tó máa ń yọ sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn àgbàlagbà, tí kì í dunni, tí ẹni tó ní in á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ sọ bí a ṣe ṣì í mọ̀ nínú ilé tiwa, lójú èmi tí ẹ ń pè ní nọ́ọ̀sì. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ iṣẹ́ àwọn dókítà kan tí ẹ kì í rí, àwọn tó ń jókòó nídìí ẹ̀rọ awò, tí wọ́n ń wo ẹran díẹ̀ tí wọ́n gé lára aláìsàn, tí wọ́n sì ń sọ orúkọ àrùn náà. Patọ́lọ́jìísì ni wọ́n ń pè wọ́n.

Àbúrò ìyá mi ló kàn. Ìyá mi kékeré ni mo ń pè é. Gàrí ló ń tà. Ó gbà mí láyè kí n sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín, ó ní kí n ṣáà má dárúkọ òun.

Àsìkò òjò ni. A ń múra ìgbéyàwó kan, mo ń bá wọn wé gèlè. Ọwọ́ mi bá nǹkan lábẹ́ etí wọn ọ̀tún. Ó le, ó tó kóró àgbálùmọ̀.

Mo ní, "Ìyá mi, kí lèyí? Ṣé ó ń dùn yín?"

Wọ́n ní, "Kò dùn mí rárá. Ó ti wà níbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Wé gèlè mi jàre, a ti pẹ́."

A rẹ́rìn-ín, a lọ síbi ìgbéyàwó. Lọ́jọ́ kejì mo fún wọn ní oògùn ọlọ́jọ́ márùn-ún tí a máa ń fún ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Kókó náà kò lọ.

Lẹ́yìn bí oṣù kan, wọ́n ní etí ọ̀tún àwọn dí bí ẹni pé omi wọ inú rẹ̀. Mo fún wọn ní oògùn tí wọ́n á máa kán sí etí. Nígbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n ní bí àwọn bá fun imú láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ máa ń bá a jáde. Mo ní ọyẹ́ ni, kí wọ́n máa fi òróró díẹ̀ pa ihò imú.

Ẹ tò wọ́n pọ̀ kí ẹ wò ó: kókó ọrùn lápá ọ̀tún, etí dídí lápá ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ imú. Ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ́ wa pé bí àwọn nǹkan wọ̀nyí bá pàdé lára àgbàlagbà kan, kí a tètè rán an lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan náà ni mo fún lóògùn. Nítorí pé ìyá mi ni, inú ilé ni mo ti ń tọ́jú wọn. N kò ṣí ìwé fún wọn, n kò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Aláìsàn tí n kò mọ̀ rí ì bá rí ìtọ́jú gbà lọ́wọ́ mi ju bí ìyá mi ṣe rí i lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí títí di òní.

Kò tán síbẹ̀. Ẹnì kan ní gẹ̀gẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ní bẹ́lúbẹ́lú ni. Ẹnì kẹta ní ayé ló fọwọ́ kan wọ́n. Wọ́n mu àgbo, wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ilé-ìwòsàn aládàáni kan gé kókó náà kúrò. Wọ́n kó ẹran rẹ̀ sínú ìgò, wọ́n bu omi dírípù sí i, wọ́n ní kí ọmọ wọn gbé e lọ sí láàbù ní Ìbàdàn. Owó mọ́tò kò sí nílẹ̀, owó àyẹ̀wò kò sí. Ìgò náà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù fún ọjọ́ mẹ́fà. Nígbà tó fi máa dé láàbù, ó ti ń rùn. Wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn lè kà níbẹ̀ mọ́. Kí ojú ọgbẹ́ tó jiná, kókó mìíràn ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá náà.

Oṣù mẹ́jọ ti kọjá kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní Ìbàdàn. Ọkùnrin náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn. Ó bi wọ́n léèrè nípa etí, ó bi wọ́n léèrè nípa imú. Ó wá ki ọ̀pá tín-ín-rín kan tó ní iná lórí bọ ihò imú wọn. Ẹ̀yìn imú lọ́hùn-ún, lókè àjà ẹnu, níbi tí imú ti pàdé ọ̀fun, ibẹ̀ ló ti rí ohun tó ń wá. Ọ̀nà kékeré kan wà tó ti inú etí wá sí ibẹ̀. Ohun tó wú níbẹ̀ ló dí ọ̀nà náà, òun ló fi dà bíi pé omi wọ etí wọn. Ọrùn kọ́ ni ilé àrùn náà. Ẹ̀yìn imú ni ilé rẹ̀, ó kàn rìn wá sí ọrùn ni.

Dókítà mú ẹran tíńtín níbẹ̀, ó sọ ọ́ sínú ìgò kékeré. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mo gbé ìgò náà lọ sí láàbù kí n tó lọ jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, kí n sọ ìdí tí ẹran tíńtín yìí fi ṣe pàtàkì.

Gbogbo ayé ló ń pe Igbó-Òrà ní ìlú ìbejì. Àlejò tó bá wọ ìlú wa lè rí Kẹ́hìndé lọ́nà kó máa kí i bí Táyé. Ìyá wọn kì í ṣì wọ́n mọ̀, nítorí ó mọ èyí tó ní àmì lẹ́yìn etí. Báyìí náà ni kókó ọrùn rí. Ikọ́ fée lè fa kókó sí ọrùn. Jẹjẹrẹ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ funfun, àwọn ọmọ-ogun ara wa, lè fa kókó sí ọrùn. Jẹjẹrẹ ẹ̀yìn imú lè fà á, jẹjẹrẹ ìdí ahọ́n náà lè fà á. Bí ọwọ́ bá kàn wọ́n, wọ́n jọra. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú wọn kò jọra rárá. Oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò fún bí oṣù mẹ́fà ni ti ikọ́ fée. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ funfun, oògùn tí wọ́n ń fà sí ara ni olórí ìtọ́jú rẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀yìn imú, ẹ̀rọ ìtànṣán ni olórí ìtọ́jú rẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń fi oògùn kún un. Ẹni tó bá ń tọ́jú Táyé nígbà tó jẹ́ pé Kẹ́hìndé ló ń ṣàìsàn, owó rẹ̀ á tán, àrùn á sì máa dàgbà.

Nítorí náà, wọn ò gbọdọ̀ méfò. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní láàbù rèé. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹran náà sílẹ̀ nínú omi oògùn kan tó ń jẹ́ fọ́málíìnì. Òun ni kì í jẹ́ kó jẹrà, tó ń mú kí ohun gbogbo inú rẹ̀ dúró bó ṣe wà nígbà tí wọ́n gé e. Wọ́n á fa omi inú rẹ̀ gbẹ, wọ́n á fi ìda yíyọ́ rọ́pò omi náà, títí tí yóò fi le bí àbẹ́là. Wọ́n á wá fi ẹ̀rọ tó mú ju abẹ fífárí lọ rẹ́ ẹ. Èyí tí wọ́n bá rẹ́ fẹ́lẹ́ ju ìwé lọ, ó tún fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ dáadáa. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, wọ́n á fi aró méjì rẹ ẹ́, ọ̀kan á pa àárín sẹ́ẹ̀lì láró, ọ̀kan á pa ara rẹ̀ ní àwọ̀ bíi ti òdòdó. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni patọ́lọ́jìísì á tó fi ojú sí ẹ̀rọ awò. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ wákàtí kan? Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì, iṣẹ́ ló ń lọ lọ́wọ́.

Èsì àkọ́kọ́ tí a gbà sọ pé jẹjẹrẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n pé irú rẹ̀ kò tíì dájú, pé wọ́n nílò àyẹ̀wò aró mìíràn. Owó mìíràn nìyẹn.

Ìjà dé ilé wa. Ẹ̀gbọ́n kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún ní, "Wọ́n ti gé e lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò tíì mọ̀ ọ́n? Wọ́n ń fi wá jẹun ni. Àti pé ọ̀bẹ yẹn gan-an ló ń jí jẹjẹrẹ dìde." Èmi náà mi díẹ̀, n kò ní parọ́. Owó ti tán lọ́wọ́ mi. Ìyá mi kékeré fúnra wọn ló sọ̀rọ̀ níkẹyìn. Wọ́n ní, "Bí mo bá máa kú, ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tó pa mí. Bí mi ò bá ní kú, ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tí mo máa lò." Ẹgbẹ́ àjọ wọn nínú ọjà ló dá owó náà. Kò tó ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n fi dá a.

Bàbá mi, ẹ̀gbọ́n wa, ẹ má bínú. Ẹran tíńtín tí dókítà fi ohun èlò mú kì í jí jẹjẹrẹ dìde. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wa kì í lọ fún àyẹ̀wò àfi ìgbà tí àrùn bá ti dàgbà. Bí ẹni náà bá wá kú, ọ̀bẹ tó dé kẹ́yìn ni a ń dá lẹ́bi. Àṣìṣe tó wà nínú ti ìyá mi ni pé wọ́n gé gbogbo kókó ọrùn kúrò láì kọ́kọ́ wo imú àti ọ̀fun, wọn ò sì tọ́jú ẹran rẹ̀. Ó dára kí dókítà wo inú ọ̀fun àti ẹ̀yìn imú ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n tún máa ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ nínú kókó ọrùn wò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ.

Kí ló wá fà á tí èsì àkọ́kọ́ kò fi dájú? Jẹjẹrẹ ẹ̀yìn imú ní ìwà kan. Ó máa ń dàgbà láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀jẹ̀ funfun. Bí wọ́n bá wò ó lórí gíláàsì, ó dà bí olè tó wọ aṣọ ọlọ́pàá tó sì dúró láàárín àwọn ọlọ́pàá. Ẹni tó ń wò lè rò pé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ funfun ni. Nítorí náà, wọ́n ní aró kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ irú sẹ́ẹ̀lì awọ tó wà nínú imú àti ọ̀fun, á sì sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀. Wọ́n ní òmíràn tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ funfun nìkan ló ń mú. Nígbà tí wọ́n fi àwọn aró yìí rẹ ẹran ìyá mi, olè náà yàtọ̀ láàárín àwọn ọlọ́pàá. Awọ ẹ̀yìn imú ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fáírọ́ọ̀sì. Fáírọ́ọ̀sì jẹ́ kòkòrò àrùn tó kéré débi pé ẹ̀rọ awò ojoojúmọ́ kò lè rí i. Nítorí náà, ipasẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń wá nínú sẹ́ẹ̀lì. Fáírọ́ọ̀sì méjì ló kàn wá lónìí. Ọ̀kan ń jẹ́ Epstein-Barr, tí wọ́n ń gé kúrú sí EBV. Èkejì ń jẹ́ HPV, òun náà ló ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ tí mo ti bá yín sọ rí.

Ti EBV, wọ́n ń lo àyẹ̀wò kan tó ń jẹ́ EBER. Wọ́n á ṣe nǹkan kan tó bá ìwé-iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì náà mu bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo mu. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wà nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, àárín sẹ́ẹ̀lì náà á dúdú. Ti HPV, wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àyẹ̀wò p16. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ni p16, ó jẹ́ nǹkan tí sẹ́ẹ̀lì ń kó jọ rẹpẹtẹ nígbà tí HPV bá ti da iṣẹ́ rẹ̀ rú. Bí èéfín ló rí, kì í ṣe iná. Nǹkan mìíràn sì lè rú èéfín. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò kejì tó ń wá HPV fúnra rẹ̀ fi wúlò, pàápàá níbi tí HPV kò ti wọ́pọ̀ nínú jẹjẹrẹ ọ̀fun. Lára àwọn tí wọ́n ti yẹ̀ wò ní Nàìjíríà, díẹ̀ ni HPV wà nínú jẹjẹrẹ ọ̀fun wọn. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ yín tó wà ní Amẹ́ríkà àti Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, jẹjẹrẹ ọ̀fun tí HPV ń fà ti pọ̀ ju jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ lọ, àwọn ọkùnrin ló sì ń mú jù.

Àǹfààní kí wọ́n mọ fáírọ́ọ̀sì náà ni pé ó ń sọ ibi tí àrùn ti wá. Bí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ nínú kókó ọrùn, tí wọn kò mọ ilé rẹ̀, tí EBV wá jáde, ẹ̀yìn imú ni dókítà á kọ́kọ́ wò. Bí HPV ló bá jáde, á wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun níbi bẹ́lúbẹ́lú àti ìdí ahọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn aláìbófinmu wà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, EBV máa ń wà nínú jẹjẹrẹ ìdí ahọ́n, HPV sì máa ń wà nínú ti ẹ̀yìn imú. Ìdí nìyẹn tí patọ́lọ́jìísì tó mọ iṣẹ́ kì í fi ojú ibi tí wọ́n ti gé e nìkan sọ orúkọ. Ó ń wo ìrísí sẹ́ẹ̀lì, ó ń wo aró, ó ń wá fáírọ́ọ̀sì, ó sì ń ka ohun tí dókítà kọ sínú fọ́ọ̀mù. Bí fọ́ọ̀mù bá ṣófo, a ti dí i lójú kan.

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan lèyí. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ẹran tí wọ́n fi rí EBV ti wá. Ní ọdún 1963, wọ́n gé ẹran lára kókó àgbọ̀n ọmọ kan ní Uganda, irú kókó àgbọ̀n tí àwọn dókítà Ìbàdàn náà ń rí lára àwọn ọmọ wa. Wọ́n fi bàálù gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Kùrukùru bo Lọ́ńdọ̀nù, bàálù ní láti balẹ̀ sí Manchester. Nígbà tí ẹran náà fi dé ọ̀dọ̀ Anthony Epstein, omi inú ìgò ti dàrú, ó dà bí èyí tó ti bàjẹ́. Kò dà á nù. Ó wò ó, ó rí i pé sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1964, òun, Bert Achong àti Yvonne Barr rí fáírọ́ọ̀sì náà. Nígbàkigbà tí mo bá rántí ìtàn yìí, mo máa ń rántí ìgò orí kọ́bọ́ọ̀dù tiwa.

Èsì ìyá mi kékeré jáde: jẹjẹrẹ ẹ̀yìn imú, EBV wà nínú rẹ̀. Ojú kan là, òmíràn tún ṣú. Nígbà tí ilé gbọ́ "fáírọ́ọ̀sì", ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi ní kọ̀rọ̀ pé irú fáírọ́ọ̀sì wo ni, pé ta ló kó o fún wọn? Wọ́n ya ife omi wọn sọ́tọ̀. Mo bá wọn nínú yàrá lọ́jọ́ kan, wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní, "Ní ọjọ́ orí mi yìí, wọ́n ń fojú alágbèrè wò mí."

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. EBV kì í ṣe àrùn àgbèrè. Itọ́ ni ó ń bá rìn. Ìyá tó rún oúnjẹ fún ọmọ, àwọn ọmọ tó jọ mu omi nínú ife kan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wọlé sí wa lára láti kékeré. Ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú àgbàlagbà mẹ́wàá tó ní in lára káàkiri ayé. Ó ṣeé ṣe kí èmi tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ní in, kí ẹ̀yin tó ń kà á náà ní in. Ó ń sùn lára wa títí láé, kì í ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ní nǹkankan. Ìwọ̀nba ènìyàn péréte ló ń dí jẹjẹrẹ fún. Yíya ife sọ́tọ̀ kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni, ó kàn ń dá ọgbẹ́ sí ọkàn aláìsàn ni. HPV náà, òótọ́ ni pé ìbálòpọ̀ ló sábà ń gbé e rìn, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ débi pé tọkọtaya tí kò mọ ẹlòmíràn fún ogún ọdún lè ní in láti ìgbà pípẹ́. Kò sí ẹni tó yẹ kí a fi orúkọ fáírọ́ọ̀sì bú.

Ẹ̀yin ará Ìdèrè, ẹ rántí sobìà. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú ara ni sobìà ti ń wá, pé bí iṣan ló ṣe wà lára gbogbo ènìyàn. Nígbà tí a mọ̀ pé inú omi adágún ló wà, a fi aṣọ sẹ́ omi, a gbẹ́ kànga, ó sì tán. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sobìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Mímọ ibi tí àrùn ti ń wá ló ṣí ọ̀nà. Bákan náà ni lónìí.

Ìyá mi kékeré lọ fún ìtànṣán ní Ìbàdàn, Mọ́ńdè dé Fúráídè, fún ọ̀sẹ̀ méje. Ọ̀dọ̀ ìbátan ni wọ́n dé sí. Ọ̀fun wọn gbọgbẹ́, wọ́n rù, ẹ̀kọ nìkan ni wọ́n ń mu. Wọ́n yè é. Wọ́n ti padà sí ìsọ̀ gàrí. Ṣùgbọ́n itọ́ ẹnu wọn ti gbẹ, ìgò omi kì í kúrò lọ́wọ́ wọn, àmàlà kì í lọ láìsí ọbẹ̀ púpọ̀, etí ọ̀tún kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́. Dókítà ní tó bá jẹ́ pé a tètè wá ni, ìtọ́jú ì bá fúyẹ́ ju báyìí lọ. Wọ́n ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́ sí yín.

Nítorí náà, ẹ gba ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ́wọ́ mi:

1. Kókó ọrùn àgbàlagbà tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bó dùn ni bí kò dùn ni, ẹ lọ fi hàn ní ilé-ìwòsàn. Ẹ tètè lọ bí etí kan bá dí, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ti imú wá, bí ohùn bá há, bí oúnjẹ kò bá lọ, tàbí bí ojú bá ń rí nǹkan kan ní méjì. Ẹ so gbogbo rẹ̀ pọ̀ sọ fún dókítà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ béèrè dókítà etí, imú àti ọ̀fun.

2. Bí wọ́n bá gé ẹran, ẹ béèrè pé: "Ṣé fọ́málíìnì lẹ fi í sí?" Kì í ṣe omi lásán, kì í ṣe omi dírípù, kì í ṣe ọtí, ẹ má sì gbé e sínú fíríìsà. Omi oògùn náà gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ẹran lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Májèlé ni, òṣìṣẹ́ ìlera ni kó bù ú, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án.

3. Ẹ rí i pé orúkọ àti ọjọ́ orí aláìsàn wà lára ìgò, kí fọ́ọ̀mù tó kún dáadáa sì tẹ̀ lé e. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì.

4. Ẹ padà lọ gba èsì. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, ẹ tọ́jú ìwé rẹ̀. Ẹ béèrè nípa ẹran tó wà nínú ìda náà. Ó lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì lè tún rẹ́ ẹ fún àyẹ̀wò mìíràn láì tún gé aláìsàn.

5. Ọmọbìnrin tó wà láàárín ọdún 9 sí 14, ẹ mú un lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù October 2023, ó dé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa ní 2024. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni, ọ̀fẹ́ ni. Nítorí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni wọ́n ṣe ń gún un, ṣùgbọ́n irú HPV tó ń dé ọ̀fun wà lára ohun tó ń dènà. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún EBV títí di ìsinsìnyí, ẹni tó bá ń ta oògùn rẹ̀ fún yín lórí WhatsApp, ẹ sá fún un.

6. Ẹ̀yin bàbá, sìgá àti ọtí líle ṣì ń fa jẹjẹrẹ ọ̀fun láìsí fáírọ́ọ̀sì kankan. Ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí àpótí kékeré kan wà nínú ẹgbẹ́ fún owó àyẹ̀wò. A máa ń dá owó aṣọ òkú kíákíá. Owó tí ẹgbẹ́ ìyá mi dá kò tó owó aṣọ ẹbí kan, òun ló jẹ́ kí a mọ orúkọ àrùn wọn nígbà tí ilé ti fẹ́ jáwọ́.

Lálẹ́ yìí, bí ẹ bá ń tú gèlè, ẹ fi ọwọ́ yín kan ọrùn yín lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ fi ọwọ́ kan ti ìyá yín náà. Bí ẹ bá rí nǹkan níbẹ̀, ẹ má ṣe bíi tèmi.

Ọlọ́run á ṣọ́ wa. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó bá mi ní ilé ìlera lọ́jọ́ tí a ń gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́.

Nọ́ọ̀sì yín.